Ìjẹ onígi tó jọ ẹja gidi, tí ẹja kò kà sí

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń gbẹ́ ìjẹ onígi tí mo fẹ́ fi máa pa ẹja bass. Mẹ́jọ ni mo ti gbẹ́. Ìpẹ́ tí mo yà sí wọn lára, ojú tí mo fi sí wọn, bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé ẹja gidi ni. Àmọ́ bí mo bá jù wọ́n sómi tí mo ń fà wọ́n bọ̀, àwọn kan á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwọn kan á máa yí bírí títí okùn á fi lọ́ mọ́ra, ìyókù á kàn máa bọ̀ gbọọrọ bí igi. Mo rí bass kan tó tẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn títí dé ẹsẹ̀ mi. Ó wò ó, ó sì yí padà. Ṣé ọ̀dà tí mo ń lò ni kò dára ni, àbí kí n jáwọ́ kí n lọ ra ti ilé iṣẹ́?”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfarabalẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ìjẹ mẹ́jọ lóṣù mẹ́ta, tó tún ya ìpẹ́ sí gbogbo wọn lára, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ má tíì jáwọ́. Ọ̀dà yín kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn àgbà ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa yìí, omi ni gbẹ́nugbẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Ohun tí mo rí nínú ìwé yín ni pé ẹ ti gbẹ́ ẹ, ẹ ti kùn ún, ẹ ti mú un dán, kí ẹ tó gbé e lọ síwájú ẹni tí yóò dá a lẹ́jọ́. Bí omi bá wá dá a lẹ́bi, ibo lẹ fẹ́ ti tún un ṣe? Ọ̀dà ti bo gbogbo rẹ̀. Ìhòòhò ló yẹ kí ìjẹ ti kọ́kọ́ wẹ̀.

Èmi náà ṣe irú ẹ̀ rí. Àpótí kan ṣì wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi títí dòní tó kún fún ìjẹ tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kùn, tí wọn kò pa ẹja kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé fọ́nrán irun kan ni mo fi ya ìlà ara rẹ̀. Ó lẹ́wà ju ẹja tí mo wò yà á lọ. Tó bá dénú omi, ewé gbígbẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí à ń gbẹ́ ère yìí fún ná. Bass ẹlẹ́nu gbàgàdà kì í sáré lé oúnjẹ kiri bí ajá. Ẹ̀gbẹ́ igi tó wó sómi, abẹ́ koríko omi, ibi tí òjìji afárá bá ṣú sí, ibẹ̀ ló máa ń ba sí, ohun tó bá ń kọjá ló ń ṣọ́. Kò ní ọwọ́ tí yóò fi yẹ nǹkan wò, ẹnu rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀. Á la ẹnu lójijì, omi á wọ́ wọlé pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ohun náà kò bá sì rí bó ṣe rò, á ti tu ú dà nù kí ẹ tó mọ̀ pé ó gbé e. Ìlà kan wà lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, láti ẹ̀yìn orí títí dé ìdí ìrù, òun ló fi ń mọ̀ bí omi ṣe ń mì. Nínú omi tó dàrú, tàbí lóru, ìlà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún un pé nǹkan ń bọ̀, ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wò ó bóyá òótọ́ ni.

Ojú rẹ̀ náà ò burú, ṣùgbọ́n àwọ̀ tó mọ̀ kò tó tiwa. Nínú ẹyinjú àwa èèyàn, oríṣi mẹ́ta ni ohun tó ń gba àwọ̀ wọlé. Méjì ni ti bass, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé. Kò lè ṣi pupa mú fún àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n funfun àti yẹ́lò tó ń tàn yòò, ó máa ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, bó sì ṣe ń ṣe sí dúdú àti búlúù náà nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá fi odindi alẹ́ kan po búlúù tó máa bá ẹ̀yìn ìjẹ mu, ara rẹ̀ ló po ó fún. Kò burú o. Èmi náà ṣì ń po ó.

Ọkùnrin ará Finland kan wà tó ń jẹ́ Lauri Rapala. Apẹja ni. Ó ṣàkíyèsí pé nínú ọ̀wọ́ ẹja kéékèèké, èyí tó bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tó ń fì bí ẹni tó ti fara pa, ni ẹja ńlá máa ń yọ sí. Ní 1936, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ cork, èèpo igi fúyẹ́ tí wọ́n fi ń dí ìgò, ó fi bébà fàdákà tí wọ́n fi ń di ṣokoléètì wé e, ó yọ́ fíìmù fọ́tò lé e lórí kí omi má bàa rí ibi wọlé. Nǹkan tó lò nìyẹn o. Ẹ̀yin ní ọ̀dà tó dára ju tiẹ̀ lọ. Òun ní ìrìn ẹja tó fara pa. Ìwà lẹwà, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí, ìrìn sì ni ìwà ìjẹ.

Àwọn tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́jú, torí àìsàn tiwọn ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti wò.

Igi tó ṣe róbótó kò mọ èwo ni ẹ̀yìn, kò mọ èwo ni ikùn. Bí ẹ bá gbé e sómi, ibi tó bá wù ú ló máa kọ sókè. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹja igi mọ ikùn rẹ̀ ni òjé tí a bá rì bọ inú rẹ̀ nísàlẹ̀, bí a ṣe ń di ẹrù sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kó má bàa dojú dé. Bí òjé náà bá ṣe jìnnà sísàlẹ̀ tó ló ṣe máa dúró dáadáa tó. Mo fura pé àwọn ìjẹ yín kò ní òjé nínú rárá, tàbí kó jẹ́ pé àárín gbùngbùn igi lẹ gbẹ́ ihò rẹ̀ dé. Bó bá wà láàárín gbùngbùn, ìwúwo nìkan ló fi kún un, kò fi ìdúró kún un.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Tí mo bá ti gbẹ́ ìjẹ tán, tí mo fi sáńpépà ha á tó dán, mo máa ń fi super glue tó ṣàn dáadáa pa á lára lẹ́ẹ̀kan. Igi tí wọn kò pa nǹkan sí lára máa ń mu omi. Bó bá ti mu omi, ẹ̀rí irọ́ ló máa jẹ́ fún yín, ohun tí ẹ rí nínú korobá lónìí kọ́ lẹ máa rí lódò lọ́la. Lẹ́yìn náà, mo á so ìwọ̀ mọ́ ọn, àwọn ìwọ̀ gan-an tí màá fi pẹja, pẹ̀lú òrùka wọn. Àwọn kan máa ń gbàgbé èyí. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì lábẹ́ ìjẹ kékeré kì í ṣe ẹrù yẹpẹrẹ, ó máa ń yí ìdúró rẹ̀ padà pátápátá. Mo á wá gé òjé tẹ́ẹ́rẹ́, mo á fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn rẹ̀ lóde, mo á gbé e sínú korobá omi. Fún ìjẹ tí a fi balsa, igi kan tó fúyẹ́ gan-an, gbẹ́, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6 tàbí 7, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti gírámù 2, màá sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Mo á sún un síwájú, mo á sún un sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn ìjẹ á fi yọ díẹ̀ lókè omi, tí yóò sì dúró gbọọrọ, tàbí kí imú rẹ̀ kàn tẹ̀ sílẹ̀ bíńtín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tó máa ń bọ́ sí kò jìnnà sí ìwọ̀ iwájú, ó kàn ṣíwájú àárín ìjẹ díẹ̀.

Ìdánwò tó kù ni kí ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ dùbúlẹ̀ nínú omi, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bó bá dìde wàì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti yè. Bó bá ń rò ó kó tó dìde, òjé kò tíì tó, tàbí kò tíì wà nísàlẹ̀ tó. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibẹ̀, ẹ yọ téèpù, ẹ lu ihò, ẹ ti òjé bọ̀ ọ́, ẹ fi epoxy, gọ́ọ̀mù olómi méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè le, dí i. Ẹ tún un gbé sómi lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ òjé ti bọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ kí n má bàa gbàgbé. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ òjé nílé. 327°C ló máa ń yọ́, bí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bá sì kán sínú èyí tó ti yọ́, á bú gbàù, á fò sí yín lójú. Òjé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fà bíi wáyà, tí ọ̀bẹ lè gé, ti tó fún ohun tí à ń ṣe yìí. Ẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá dì í mú, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré, torí májèlé ni tó bá wọ inú ara. Àwọn orílẹ̀-èdè kan tilẹ̀ ti fòfin dè é fún àwọn apẹja: láti 1987 ni Britain ti fòfin de ọ̀pọ̀ òjé kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ okùn ìwọ̀, nítorí àwọn ẹyẹ omi tó ń gbé e mì. Tin, irin kan tó rọ̀, ṣeé fi rọ́pò rẹ̀, àmọ́ kò wúwo tó o, ihò rẹ̀ máa ní láti tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá kan àwọn tó ń yí bírí. Àwọn wọ̀nyí, àgbọ̀n wọn ni mo máa kọ́kọ́ wò. Àgbọ̀n ni mo ń pe pátákó pẹlẹbẹ tó yọ síta lábẹ́ ẹnu ìjẹ, èyí tó ń gbá omi. Bó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n èékánná, omi á máa ti ìjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà títí á fi dojú dé, á tún yí, á tún dojú dé.

Ìdí tó fi máa ń wọ́ kì í sì í ṣe pé ọwọ́ yín kò dúró. Ìgbà tí ẹ gé ojú ihò rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹ gbẹ́ ìjẹ tán, ó ti ṣe róbótó, kí ẹ tó mú ayùn láti gé ibi tí àgbọ̀n máa wọ̀. Ta ló lè gé ihò tó tọ́ lára ẹyin? Kò sí ibi pẹlẹbẹ tí rúlà máa jókòó lé. Nígbà tí igi ṣì jẹ́ onígun mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ gé ojú ihò àgbọ̀n, kí ẹ sì la ojú ọ̀nà wáyà tí okùn àti ìwọ̀ máa so mọ́. Ẹ fi rúlà fa ìlà àárín yí igi náà ká, láti imú gba ikùn dé ìrù, gba ẹ̀yìn padà sí imú. Ẹ má jẹ́ kí ìlà yẹn parẹ́ títí ẹ ó fi gbẹ́ ẹ tán. Bí ọ̀bẹ bá pa á rẹ́, ẹ tún un fà. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé yìí, ìyẹn ni mo máa yàn fún yín.

Ohun tí mo fi ń ṣe àgbọ̀n ni polycarbonate, irú ike líle kan, tó nípọn tó mílímítà 1.5. Ó ń tẹ̀, kì í fọ́. Gíláàsì oníke lásán máa ń là bó bá sọ lu òkúta. Ẹ má tíì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ kì í bọ ojú ihò rẹ̀, ẹ di ìjẹ mú kó kọjú sí yín, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìlà àárín yẹn.

Ó sì lè jẹ́ pé ó tọ́, àmọ́ ó fẹ̀ ju agbára ara tó ń gbé e lọ. Ìjẹ kékeré tó gbé àgbọ̀n ńlá dà bí ọmọdé tó gbé ilẹ̀kùn sórí nínú ìjì. Ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, kí ẹ máa dán an wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí òjé inú ikùn bá kéré, àgbọ̀n tó dára náà á yí i. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ òjé.

Bó bá wá kù díẹ̀, tí kò yí mọ́ ṣùgbọ́n tó ń yà sí apá kan bó ṣe ń bọ̀, ẹ̀mú ló máa yanjú ìyẹn. Ẹ di ìjẹ mú kí imú rẹ̀ kọjú sí yín. Bó bá jẹ́ ọ̀tún yín ló ń yà sí, ẹ fi ẹ̀mú tẹ ojú wáyà tí a ń so okùn mọ́ sí òsì yín. Bó bá ń yà sósì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún. Fífẹ́ẹ́ tẹ̀ ni o, ẹ má lọ́ ọ. Ẹ tẹ̀, ẹ jù ú, ẹ wò ó, ẹ tún tẹ̀. Mo ti rí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń ṣẹ́gi, ó sì kó ojú wáyà náà jáde pẹ̀lú igi tó yí i ká.

Àwọn tó ń bọ̀ gbọọrọ bí igi ló ṣòro díẹ̀, torí ohun tó ń fà á lè ju ẹyọ kan lọ. Bí àgbọ̀n bá ń gbá omi, omi náà kì í bọ́ kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á yọ gba ọ̀tún, á yọ gba òsì, á tún yọ gba ọ̀tún, ìyẹn ló ń gbá orí ìjẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún tí ìrù fi ń jó. Bí àgbọ̀n bá kéré jù, omi á kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkí i. Bí òjé bá pọ̀ jù, ara á wúwo débi tí omi kò ní lè gbé e jó. Bí igi fúnra rẹ̀ bá wúwo, bákan náà. Ẹ ò sọ irú igi tí ẹ ń gbẹ́ fún mi. Balsa fúyẹ́ gan-an, ó sì ń ta kébékébé nínú omi bí ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá. Cedar wúwo jù ú lọ, ó le jù ú lọ, kì í tètè fọ́, ìrìn rẹ̀ sì rọra. Igi líle tó wúwo, tí wọ́n fi ń ṣe àga, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe àga.

Kí ẹ tó gé nǹkankan kúrò, ẹ wo bí ẹ ṣe so okùn mọ́ ọn. Bí kókó okùn bá fún ojú wáyà mọ́lẹ̀ pinpin, ńṣe lẹ di ìjẹ lọ́rùn mú. Ẹ fi òrùka kékeré sáàárín, tàbí kí ẹ ta kókó tó ní ojóbó, kí orí rẹ̀ rí àyè jù. Mo mọ ìjẹ méjì tí ìyẹn nìkan wò sàn.

Bí àgbọ̀n bá ṣe dà sí ló ń sọ bí ìjẹ ṣe máa jìn tó. Bó bá dúró ṣánṣán sílẹ̀, ìjẹ kò ní jìn, ìjó rẹ̀ á sì fẹ̀. Bó bá nà síwájú bí ẹni tẹ́ ọwọ́ láti gba nǹkan, tí ojú wáyà sì wà lórí àgbọ̀n náà fúnra rẹ̀, á forí lé ìsàlẹ̀ odò. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe èyí tó dúró díẹ̀, tó kúrú, kí ẹ lè máa fi ojú yín rí bó ṣe ń rìn. Ìjẹ tó bá jìn, ẹ ò lè mọ àìsàn rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ ò béèrè, ṣùgbọ́n tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí ó dùn mí rí. Kí lẹ fi di ìwọ̀ mọ́ ara igi? Bó bá jẹ́ skúrúù olójú kékeré lásán, nínú balsa, bass gidi máa tú u. Ẹja yìí máa ń fò jáde nínú omi, á máa gbọn orí. Èyí tó tóbi jù tó tíì gbé ìjẹ mi mì, ẹ̀ẹ̀kan ló fò, igi tí mo gbẹ́ sì léfòó padà wá bá mi pẹ̀lú ihò nínú ikùn rẹ̀. Ìwọ̀ àti skúrúù bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, wáyà kan ṣoṣo tí kì í dípẹtà ni mo ń lò, tí mo ń tẹ̀ láti imú, tó sọ̀ kalẹ̀ yọ lójú ikùn, tó tún lọ yọ ní ìdí ìrù. Bí igi tilẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹja ṣì wà lẹ́nu wáyà.

Lẹ́yìn tí omi bá ti ní ó dáa, ọ̀dà wá kàn. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí ọwọ́ yín já fáfá jù mí lọ. Funfun lẹ́ẹ̀mejì sí ìsàlẹ̀, kí àwọ̀ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ lè tàn. Ẹ̀yìn kó ṣú, ikùn kó mọ́lẹ̀, bí ẹja gidi ṣe rí. Ojú kó tóbi kó sì hàn. Epoxy ìparí, ẹ pò ó lọ́gbọọgba bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kí ẹ sì máa yí ìjẹ náà jẹ́jẹ́ títí yóò fi dì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á ṣàn sí ìsàlẹ̀, á di ẹ̀kán kan lábẹ́ ikùn, òjé kejì tí ẹ ò pè nìyẹn. Ẹ tún un dán wò nínú omi lẹ́yìn tó bá gbẹ, torí epoxy náà ní ìwúwo tirẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí bass tó tẹ̀ lé ìjẹ yín dé ẹsẹ̀. Ẹ̀yin rò pé ó rí àléébù nínú ọ̀dà. Èmi rò pé ó tẹ̀ lé e nítorí pé ọ̀dà yín dára, ó ń dúró kí ìjẹ náà ṣe ohun tí nǹkan ẹlẹ́mìí máa ń ṣe, ìjẹ kò ṣe é. Ẹja kékeré tí ẹja ńlá ń tọ̀ lẹ́yìn kì í rìn gbọọrọ lórí ìlà kan, lórí eré kan náà, láti òdìkejì odò títí dé ẹsẹ̀ èèyàn. Á yà. Á dúró. Á sáré. Ẹ fa ìjẹ bọ̀, ẹ dá ọwọ́ dúró kí ẹ ka ẹ̀ẹ́kan, èjì, kó rọra léfòó sókè díẹ̀, kí ẹ tún fà á fìrí. Ìgbà tó bá dúró, tàbí ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ni bass sábà máa ń gbé e. Bí ẹ bá sì rí i tó ń tẹ̀ lé e, ẹ má yára fa ìjẹ sá fún un nítorí àyà tó ń já yín. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ dá a dúró. Ẹ̀yin náà, ẹ sún kúrò létí omi. Bí ẹ bá rí i, ó ṣeé ṣe kó ti rí yín.

Ẹ wá a lọ síbi tó ń gbé. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbẹ́ ìjẹ fúnra rẹ̀ máa ń bẹ̀rù kó má há sábẹ́ igi, á wá lọ máa jù ú sí gbangba omi tí ẹja kankan kò sí. Ẹ jù ú kọjá kùkùté, kí ẹ sì fà á kí àgbọ̀n rẹ̀ lọ kọ lu kùkùté náà gbì. Ìjẹ onígi tó bá lu igi máa ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹja tó ta gìrì, ọ̀pọ̀ bass tó wà lábẹ́ ibẹ̀ kì í lè mú un mọ́ra. Bó bá fẹ́ há, ẹ má fà á. Ẹ tú okùn sílẹ̀ kí igi tó léfòó gbé e sókè kúrò. Ìyẹn ni balsa fi dára, ó ń wá ọ̀nà ilé fúnra rẹ̀.

Bí omi bá tutù, ẹ fà á wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ìdádúró sì gùn. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ lè yára. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn kò tíì le tàbí tó ti rọ̀, ìjẹ tó ń léfòó lórí omi, tí kò ní àgbọ̀n rárá, tí òjé rẹ̀ wà nídìí ìrù, dùn ún lò jọjọ. Òun náà ló rọrùn jù láti gbẹ́, ẹ lè fi ṣe ìkẹsàn-án yín. Ẹ fi ọ̀pá gbọn okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa yí imú sọ́tùn-ún yí i sósì. Ṣùgbọ́n bí bass bá fọ́ omi gbàmù lé e lórí, ẹ má fa ọ̀pá. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́ ná. Ojú ló ń mú wa tètè fà á, kì í ṣe ẹja.

Nígbà tí ẹ bá mú un, ẹ fi omi sọ́wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹnu rẹ̀ kò ní eyín tó lè gé yín, bíi sáńpépà ló rí, ẹ lè fi àtàǹpàkò di àgbọ̀n rẹ̀ mú, àmọ́ bó bá tóbi, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀, ẹ má fi àgbọ̀n nìkan gbé e dùbúlẹ̀ lófuurufú. Nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, bíi 15°C sí 20°C, akọ ló máa ń dúró ṣọ́ ẹyin. Bí ẹ bá mú irú rẹ̀, ẹ tètè dá a padà síbi tí ẹ ti mú un, torí àwọn ẹja mìíràn kò ní pẹ́ jẹ ẹyin náà tán. Ẹ má sì gbé e lọ sínú omi mìíràn láé. Àríwá Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n kó o lọ, àlejò tó ń jẹ onílé ni. Láti 2005, ó lòdì sí òfin Japan láti máa gbé e láàyè kiri.

Ní ti pé kí ẹ lọ ra ti ilé iṣẹ́: ẹ ra ẹyọ kan. Kì í ṣe kí ẹ fi rọ́pò tiyín o, ẹ rà á kí ẹ fi ṣe olùkọ́. Ẹ gbé e sínú korobá, ẹ wo bó ṣe dúró. Ẹ wọn àgbọ̀n rẹ̀, ẹ wo ibi tí ojú wáyà rẹ̀ wà. Bass méjì tó wúwo jù lọ tí ayé kọ sílẹ̀, tí ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, bíi kílógírámù 10, George Perry mú ọ̀kan ní Georgia ní 1932, Manabu Kurita mú èkejì nínú adágún Biwa ní Japan ní 2009. Ẹja ààyè ni Kurita fi ṣe ìjẹ. Ìjẹ tí wọ́n fi igi ṣe ni ti Perry.

Àwọn mẹ́jọ tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ kọ nọ́ńbà sí ikùn wọn. Àwọn tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ fi téèpù lẹ òjé mọ́ wọn lóde bí mo ṣe wí. Bí wọ́n bá dìde, ẹ mú ọkàn le kí ẹ lu ikùn wọn, ọ̀dà á bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ lè tún un kùn. Àwọn tó ń yí, ẹ wo àgbọ̀n wọn láti iwájú, bó bá wọ́, ayùn á gé e, ẹ ó tún ojú ihò là. Àwọn tó ń bọ̀ gbọọrọ, ẹ yí kókó okùn wọn padà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan àti ohun tí omi fi dá a lóhùn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ igi tí ẹ lò.